Ẹ ń sùn lórí kọfí, àmọ́ oorun wo?

"Kọfí alẹ́ kì í dí oorun mi lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ nídìí tábìlì àwọn onítíì ní Ìlọrin lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tí ife gbígbóná ń rú èéfín, tí ara sì ń rọ̀. Ẹni tó ń sọ ọ́ ò purọ́, ó ń sùn lóòótọ́. Irú oorun tó ń sùn ni kò mọ̀.

Ìtura yẹn, omi gbígbóná, mílíìkì àti ṣúgà ló ni ín. Iṣẹ́ kàfíìnì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, yàtọ̀. Láti àárọ̀ ni ọpọlọ ti ń kó èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine jọ. Bó ṣe ń pọ̀ ni ojú ń wúwo. Kàfíìnì á lọ dí ihò tí adenosine fẹ́ wọ̀, bíi kọ́kọ́rọ́ tí kì í ṣe ti ilẹ̀kùn: kò lè ṣí i, kò sì jẹ́ kí èyí tó lè ṣí i wọlé. Àárẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ṣíbí ìpotíì kan kọfí lẹ́búlẹ́bú ní nǹkan bíi miligíráàmù 60 kàfíìnì. Ṣíbí méjì, 120. Ó ń tó bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára, ti aláboyún sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mu ún ní aago 8 alẹ́, 60 ṣì wà lára yín ní aago 1 òru. Bí wọ́n bá ń pe ìrun Àsùbáà, ó ṣì lé ní 30. Oorun ìjìkà ni kàfíìnì yìí ń gé.

Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, wọ́n fún àwọn èèyàn ní miligíráàmù 400 ní wákàtí 6 kí wọ́n tó sùn. Ẹ̀rọ fi hàn pé oorun wọn fi ju wákàtí 1 lọ dín kù, àwọn fúnra wọn ò sì fura tó bẹ́ẹ̀.

Mílíìkì kì í pa kàfíìnì. Tíì dúdú náà ní in. Gbànja ní in. Àwọn awakọ̀ tó ń jẹ ẹ́ wọ òru mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí kọfí ìkẹyìn kọjá ìrun Àyílà. Ẹni tó ti mọ́ lára kó má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, orí á fọ́ ọ. Ìdajì ṣíbí ni kó máa yọ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Lálẹ́, ẹ se ewé tíì ẹ̀yìnkùlé (lemongrass, kì í ṣe tíì dúdú) pẹ̀lú atalẹ̀ tí ẹ gún, fún ìṣẹ́jú 10. Kò ní kàfíìnì rárá, èéfín rẹ̀ sì ń rú bákan náà.