Àmì ìjọba kì í gbé ilé ró

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló fa ìrìn yìí. Olùkọ́ wọn kọ́ wọn bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ló bá ní òun fẹ́ rí ibi tí ọta balẹ̀ sí. Ní Sátidé, a wọ dánfó ní Èbúté-Mẹ́tta, a gba Kátà Bíríìjì wọ Erékùṣù.

Mo sọ fún un lọ́nà pé Ọba Kòsókó ti ri òpó igi mọ́ inú omi kí ọkọ̀ ogun má baà ráyè gúnlẹ̀, ó sì to àgbá sí etí ọ̀sà. Ìró ìbọn ọjọ́ náà ni àwọn baba wa fi sọ ogun yẹn ní Agídìǹgbì. Kòsókó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n dá Akítóyè, tó jọba ṣáájú rẹ̀, padà sórí ìtẹ́, nígbà tó sì fi máa di 1861, láyé Ọba Dòsùnmú, Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó pátápátá. Nínú gbogbo odi Kòsókó, kò sí igi kan tí mo lè fi han ọmọ mi. Ògiri àwọn tó ṣẹ́gun ni mo mú un lọ wò.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Bróòdù Sítíríìtì ni, tí a ń pè ní Freedom Park báyìí. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n ní 1882, kò tọ́jọ́. Ní 1885 wọ́n fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó tún un mọ. Bíríkì náà ṣì pọ́n. Ọmọ mi fi èékánná ha àárín méjì nínú wọn, ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ sì kúnná sí i lọ́wọ́ bí èlùbọ́. Nígbà tó wọ inú yàrá ẹ̀wọ̀n kan, ó na apá méjèèjì, ó ku díẹ̀ kí ìka rẹ̀ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ó dákẹ́. Ìgbà tó yá ló ní, "Mọ́mì, ṣé ibí ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́?" Mo ní inú ọgbà yìí náà ni.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń bínú pé orin àti oúnjẹ ti gba ibi tí ènìyàn ti jìyà. Èmi ò bá wọn bínú. Láti 2010 tí wọ́n ti ṣí i ni ẹsẹ̀ kò ti dá níbẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ wà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wà. Ìdí nìyẹn tí ògiri yẹn fi dúró.

Láti ibẹ̀ a rìn dé Tinúubú. Ọmọ mi ní, "Ilojo Bar tí ẹ sọ ńkọ́?" Mo nawọ́ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, àwọn Agùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé, kọ́ ilé náà, fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lórí bí òṣùmàrè. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ilé àjogúnbá orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ojú mi ṣì ń gbóná tí n bá rántí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa, Agùdà ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, jẹ́ ọ̀gá ọ̀mọ̀lé rẹ̀. Ó dúró. Kàtídíràlì Máríínà, 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ èyí tó wà níbẹ̀ lélẹ̀, ó di 1946 kó tó parí. Òun náà dúró. Jàmáà wà, ìjọ wà, àpótí ọrẹ wà. Ilé ẹbí kò ní àpótí ọrẹ.

Ní Pópó Agùdà, a rí bàbá kan tó jókòó síwájú ilé. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sókè ilẹ̀kùn ilé náà, ìdajì rẹ̀ ti jábọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ilé yìí mà lẹ́wà o. Wọ́n ní, "Ó lẹ́wà, ọmọ mi. Tí òjò bá rọ̀, bàsíà méje la ń gbé sílẹ̀. Àwọn tó ń wá rà á kò tiẹ̀ bèèrè ilé, ilẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè." Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní kí wọ́n má tà á? Ṣé èmi ni mo máa ra páànù?

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba Èkó àti ti àpapọ̀ fún kò pọ̀. Ilé tí ẹ bá ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó, ẹ má gba owó orí lórí rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì bá onílé san lára owó àtúnṣe. Ẹ kọ́ káfíńtà àti bíríkìlà ní iṣẹ́ àwọn Agùdà, torí àwọn tó lè mọ òdòdó yẹn padà ti ń tán lọ. Òfin tó ní "má wó o" tí kò fi sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo tì í, onílé nìkan ló gbé ẹrù rẹ̀ lé lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní fọ́tò inú Ilojo Bar, pàápàá àtẹ̀gùn rẹ̀, kó bá mi fi sí abẹ́ ibí. Ọmọ mi ń yà á sínú ìwé, ìta nìkan ni mo lè júwe fún un.