Èsì wa sí oníbàárà wa ní Odogunyan lórí sáfà tí a yọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ṣé tí ẹ pè wá, ẹ sì ṣé tí ẹ san owó wa pé. A ti ka ohun tí ẹ kọ, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà ọ́fíìsì) kan péré lẹ ní ká yọ nínú mẹ́rin tó wà ní ọ́fíìsì yín, kí ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀ka kejì. Àbúrò yín tó mọ kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ wákàtí kan ni, àmọ́ a jókòó tì í wọ ọjọ́ kejì. Ẹ tún ní SSD kan (díráìfù tó yára, ibi tí dátà ń wà) tó ń gbó nínú sáfà kejì lẹ ní ká pààrọ̀, a wá kó gbogbo díráìfù inú ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì jọ pé a fẹ́ fa iṣẹ́ gùn kí owó lè pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn dùn wá, mà. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé níbí, kí ẹlòmíì ní Ìkòròdú tó ń lo irú ẹ̀ náà lè gbọ́.

vSAN lẹ ń lò, ètò kọ̀ǹpútà kan láti ọ̀dọ̀ VMware. Ó so díráìfù inú sáfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, gbogbo wọn wá di ibi ìkópamọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe tò ó fún yín, ẹ̀dà méjì ni dátà kọ̀ọ̀kan ní, lórí sáfà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹlẹ́rìí kékeré kan sì wà lórí ẹ̀kẹta, tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ apá tí wọ́n máa tẹ̀ lé bí ọ̀nà àárín wọn bá gé. Torí náà, ìwé owó oṣù àti àkọsílẹ̀ ọjà yín wà nínú sáfà tí ẹ fẹ́ gbé lọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé á kọ́kọ́ kó ẹrù jáde.

Àbúrò yín kò parọ́. Bí a bá fẹ́ fi sáfà sí maintenance mode, ìyẹn ká yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láti tún un ṣe tàbí gbé e kúrò, ọ̀nà mẹ́ta ló máa kó síwájú ẹni, èyí tó sì ti yàn sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ni "Ensure accessibility". Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pa sáfà, kó sì tàn án padà láìpẹ́, ló wà fún. Ohun tó ń ṣe ò ju pé kí ẹ̀dà kan ṣì wà nílẹ̀ tí ẹ lè kàn. vSAN á wá dúró fún ìṣẹ́jú 60 bóyá sáfà náà á padà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà mìíràn. Títí ẹ̀dà yẹn á fi parí, bí díráìfù kan bá kú lára àwọn tó kù, ohun tó bá jẹ́ pé orí ẹ̀ nìkan ni ẹ̀dà ẹ̀ kù sí ti lọ nìyẹn. "Full data migration" la yàn, tó ń kó gbogbo ẹ̀ jáde tán kó tó yọ̀ǹda sáfà. Ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sì jẹ́ gígábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá tiẹ̀ sí ẹlòmíì lórí ẹ̀, tẹ́rábáìtì kan á gbà ju wákàtí méjì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yín ń lò ó lọ́wọ́.

Ti SSD ńkọ́? Cache ni SSD yẹn, ìyẹn ibi tí dátà ti ń kọ́kọ́ dúró. Òun ló wà níwájú disk group (àkójọ díráìfù tó jọ ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà), háàdì díìskì mẹ́rin wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ, orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí kó tó dé ara àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo group náà ló bá a lọ. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè yọ òun nìkan.

Ohun tó sì mú ọjọ́ kejì wá gan-an ni èwo la máa kọ́kọ́ ṣe. Ká ní a ti yọ sáfà kẹrin, èyí tí ẹ fẹ́ gbé lọ, ṣáájú, mẹ́ta á kù, ìkọ̀ọ̀kan wọn á sì ní ohun tó gbọ́dọ̀ gbé. Níbo la máa wá kó ẹrù sáfà kejì sí? Ìdí nìyẹn tí a fi kó o jáde nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì pé, a pààrọ̀ SSD, a tún group náà ṣe, kí a tó wá kó ti ẹ̀kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dátà yín rìn, mà.

Ọmọ iṣẹ́ yín kan ti di ọwọ́ díráìfù mú nígbà tí nọ́ńbà ohun tó kù láti kó kò tíì kan òdo. Mo ní kó fi sílẹ̀, ó sì ní ṣebí iná aláwọ̀ ewé ń tàn níwájú ẹ̀. Iná yẹn ń sọ pé díráìfù náà wà láàyè ni, kò mọ̀ bóyá ẹrù inú ẹ̀ ti jáde tán.

Owó tí ẹ san ni iye tó wà nínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì kò fi kọ́bọ̀ kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mẹ́ta tó kù yìí kò ní ààyè àfikún. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ ò ní dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kejì ò ní ríbi jókòó títí a ó fi tún un ṣe, torí náà ẹ tètè pè wá. SSD àtijọ́ yín wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó, a ti kọ orúkọ yín sí i. Kí àbúrò yín wá gbà á, a ó sì jọ wo gbogbo ètò yìí lójú ẹ̀rọ.