Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn: A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Rabat, olú-ìlú Mòrókò, ń yọ̀. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fi ìbò 11 sọ pé àbá tí Mòrókò gbé kalẹ̀ ní 2007, pé kí Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn máa ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ Mòrókò, ni kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìdúnàádúrà. Àwa náà fẹ́ ìdúnàádúrà. Òun la ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí ìbọn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní 2020 láàrin Mòrókò àti Polisario, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọjà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá iye lé e.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ àwọn ará Sàhárà gba ìṣàkóso abẹ́lé lábẹ́ àsíá Mòrókò. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ta ló máa mọ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n? Ìdìbò tí wọ́n ṣèlérí nígbà tí ìjà dáwọ́ dúró ní 1991, kí àwọn aráàlú yan òmìnira tàbí Mòrókò, tó yẹ kó wáyé ní oṣù Kìíní 1992, wọn ò tíì dì í títí dòní. Bẹ́ẹ̀, ìdìbò yẹn gan-an ló wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ MINURSO, ikọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ síbẹ̀! Ọdún lórí ọdún, wọ́n ń sún ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ síwájú, iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò sì kúrò lójú kan. Ẹni tí wọ́n bí ní 1976 sí Tindouf, àgọ́ àwọn ará Sàhárà tó sá lọ sí Àlùjíríà, ti tó nǹkan bí ẹni àádọ́ta ọdún.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù. Ta ló mú un pẹ́? Ní oṣù Kẹwàá 1975, Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé sọ pé àjọṣe tó ti wà láàrin Mòrókò àti ilẹ̀ náà kò tó ohun tó lè gba ẹ̀tọ́ àwọn aráàlú láti pinnu ọjọ́ ọ̀la ara wọn lọ́wọ́ wọn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Sípéènì jókòó sí Madrid, ó fa ilẹ̀ náà lé Mòrókò àti Mọriténíà lọ́wọ́. Àṣìṣe yẹn náà ni wọ́n tún fẹ́ ṣe.

Abuja ńkọ́? Láti 1984 ni Nàìjíríà ti gba Sàhárà Ìwọ̀-Oòrùn gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Òpó gáàsì tí àwa àti Mòrókò jọ ń gbèrò kò gbọ́dọ̀ di wa lẹ́nu. Kí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jáde, kó sọ ọ́ ketekete ní Addis Ababa, oríkò Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, pé òmìnira gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa kọ sórí ìwé ìdìbò.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2026 ni àsìkò tí wọ́n tún fún MINURSO máa pé. Kí wọ́n kéde ọjọ́ ìdìbò kó tó pé.