Òdo mẹ́ta kọ́ ló ba owó Rọ́ṣíà jẹ́

Wọ́n ń pín in kiri pé òdo mẹ́ta tí Rọ́ṣíà gé kúrò lára owó rúbù ní oṣù Kíní 1998 ló sọ aráàlú di òtòṣì. Kò rí bẹ́ẹ̀.

1,000 rúbù àtijọ́ ló di 1 tuntun, gbogbo nǹkan ló sì kàn. Ẹni tó ń gba 900,000 lóṣù bẹ̀rẹ̀ sí í gba 900. Búrẹ́dì 3,000 di 3. Agbára owó kò yí padà.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ni wàhálà dé: ìjọba dá sísan gbèsè ìgbà kúkurú tó yá ní rúbù dúró, ó sì jẹ́ kí rúbù já wálẹ̀. Owó oṣù dúró sójú kan, ọjà òkè òkun gbówó lórí. Ìyẹn gan-an ló dun òṣìṣẹ́.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ Báńkì Àpapọ̀ Rọ́ṣíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là kan jẹ́ 5,960 rúbù lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1997, 5.96 lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kíní 1999, ó ti di 20.65.