Kíka oògùn sínú ọ̀rá kọ́ ni wọ́n ń fi ọdún 3 kọ́

Níbi ìkómọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ti bi mí, lójú gbogbo àlejò, pé kí gan-an ni mo lọ fi ọdún 3 kọ́ ní ilé-ìwé ìlera tó wà ní Ilese. Mo ní iṣẹ́ pharmacy technician ni, ẹni tó ń bá apòògùn, ìyẹn pharmacist, ṣètò oògùn fún aláìsàn. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn.

"Àwọn tó ń ka tábúlẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá yẹn? Ká ní o lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kẹ́místì l'Ókè-Ajé ni, ọdún 2 péré, wọn ì bá ti ṣe frídọ́ọ̀mù fún ẹ, wà á sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tìẹ."

Kò sẹ́ni tó ta ko ọ̀rọ̀ náà. Bàbá kan tilẹ̀ fi kún un pé ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni wọ́n tún ń kọ́ ní nǹkan kíkà. Mo gbájú mọ́ ìkọ́kọrẹ́ mi.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ṣágámù ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sì í ṣe òpè. Ohun tó wà lójúta ni wọ́n ń wò. Lóòótọ́ là ń ka oògùn. Mo ní àwo tí mo ń kà á sí, àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tì í ní márùn-ún márùn-ún. Ọ̀sán ọjọ́ kan la fi mọ ìyẹn ṣe. Ohun tó kù ló gba ọdún 3, ìṣirò ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé dókítà kan. Amoxicillin olómi fún ọmọdé: 250 mg, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ 5. Èyí tó wà lórí pẹpẹ jẹ́ 125 mg nínú 5 ml, ìgò rẹ̀ sì gba 100 ml. Ọmọ náà á máa lo 10 ml lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn 30 ml lójúmọ́, 150 ml fún ọjọ́ 5. Ẹni tó bá gbé ìgò kan ṣoṣo lé ìyá ọmọ lọ́wọ́, oògùn tán láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò ọ̀hún. Omi tí a sè, tó sì ti tutù, la fi ń pò ó dé ojú ìlà, nítorí bómi bá kọjá ìlà, oògùn á fẹ́lẹ́, kò sì ní ran ọmọ bó ṣe yẹ. Ìgò kejì ńkọ́? Ní ìyẹ̀fun ni ìyá ọmọ á gbé e lọ sílé, torí tí a bá ti pò ó, ọjọ́ díẹ̀ ló lè lò kó tó bàjẹ́. Orí ìwé dókítà kan ṣoṣo ni gbogbo èyí dá lé. Èèyàn 30 ṣì lè wà lórí ìlà lójú fèrèsé, tí wọ́n ń pòṣé.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìkómọ yẹn, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí lóru. Ọmọ ọmọ wọn, ọmọ oṣù 4, ara rẹ̀ ń gbóná. Wọ́n ní pàrásítámọ́ọ̀lù ọmọdé wà nílé, ṣé kí àwọn fún un ní ṣíbí kan bí àwọn ṣe máa ń ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Mo ní kí wọ́n ka ara ìgò fún mi ná. Wọ́n wá awò, wọ́n kà á: 100 mg nínú 1 ml.

Àyà mi já. Oògùn tí à ń kán sí ọmọ lẹ́nu ni, kì í ṣe èyí tí à ń fi ṣíbí bù. Èyí tí wọ́n lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ 120 mg nínú 5 ml. Orúkọ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n agbára eléyìí ju tọ̀hún lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Ṣíbí 5 ml nínú rẹ̀ jẹ́ 500 mg, iye tó wà nínú odidi tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí àgbàlagbà ń lò. Ọmọ ọ̀hún ò ju 6 kg lọ, 10 sí 15 mg fún kg kan la sì ń ṣírò, ìyẹn 60 sí 90 mg lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo pe apòògùn tí mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, mo ka ìṣirò mi fún un, ó ní ó tọ̀nà, ká fún un ní 0.6 ml, kí wọ́n sì gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárọ̀ kùtù. Ìgbà yẹn la wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun ìkánsílẹ̀ tó bá oògùn náà wá nínú páálí. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ti fi ń ṣeré omi.

Èmi náà ti ṣì í rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù kan, ìwé kan dé ọ̀dọ̀ mi tí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ rí wúruwùru. Mo ka Losec sí Lasix. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń lo Losec fún. Lasix máa ń fa omi kúrò lára ni, ẹni tó lò ó á máa tọ̀ ṣáá. Apòògùn tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò béèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó dá oògùn padà sórí pẹpẹ láìwí nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe orúkọ méjì yìí gan-an ló mú kí wọ́n yí Losec padà sí Prilosec ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ínrín Ìyá Kẹ́místì. Láàjìn òru, ilẹ̀kùn tiwọn là ń kàn. Ṣùgbọ́n oògùn títà ni ọmọṣẹ́ ń kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ìwé àṣẹ wọn kò sì kọjá oògùn tí kò gba ìwé dókítà, nínú páálí tó bá wá. Oògùn apakòkòrò bí amoxicillin àti tetracycline kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tetracycline yẹn, tí wọ́n ń tú dà sójú egbò, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 tó bá gbé e mì, eyín rẹ̀ lè pọ́n láéláé.

Àwọn kan tún wà tó ń pè wá ní apòògùn kékeré. Rárá o. Ọdún 5 tàbí 6 ni apòògùn ń lò ní yunifásítì, abẹ́ rẹ̀ la sì ń ṣiṣẹ́. A ò lè fi ìwé tiwa nìkan ṣí ilé oògùn.

Mọ̀lẹ́bí mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kan náà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, rò pé tọ̀hún ni wọ́n ti ń kà á sínú ìgò lásán. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àdúgbò, community college tí wọ́n ń pè é, ó dé orí ìṣirò, ló bá pè mí ní WhatsApp. Ìdánwò PTCB tó ṣe, èyí tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún, jẹ́ ìbéèrè 90. Ọdún méjì méjì ló ń sọ ìwé ẹ̀rí náà dọ̀tun, ó sì gbọ́dọ̀ fi wákàtí 20 kẹ́kọ̀ọ́ sí i kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́ apòògùn lòun náà wà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí, kẹ́místìrì àti ìṣirò ọmọ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú èsì WAEC rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi ilé-ìwé bóyá Pharmacy Council of Nigeria, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ oògùn, fọwọ́ sí ẹ̀ka yìí gan-an níbẹ̀. Wọ́n lè fọwọ́ sí ẹ̀ka mìíràn nílé-ìwé kan kí wọ́n má fọwọ́ sí tiwa, ọ̀tọ̀ sì ni owó ilé-ìwé, ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ.