Irọ́ ni pé laptop tí kò ní HDMI kò lè gbé àwòrán sí tẹlifíṣọ̀n

Wọ́n tún ti gbé e dé. Àlfá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-kéwú ládùúgbò wa n'Ílọrin gbé laptop rẹ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ máa rí ojú ewé Kùránì gàdàgbà lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnì kan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí bọ̀ọ̀dá kan fi já a lẹ́nu: "Àlfá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Èyí kò ní HDMI, ihò tí wọ́n fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Laptop tí kò bá ti ní HDMI, kò sí bó ṣe lè bá tẹlifíṣọ̀n lò. Ẹ tà á, kí ẹ fowó kún un, kí ẹ ra èyí tó bóde mu." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń mi orí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní Tánkẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ yunifásítì. Mo ti gbọ́ ọ ní Ọ̀fà lẹ́nu ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà jẹun, ẹni tó yẹ kó mọ̀. Àwọn tó bá sì gbà á gbọ́, àpò wọn ló ń jò. Kí ẹ tó lu laptop yín ní gbàǹjo, ẹ jẹ́ ká yẹ ara rẹ̀ wò ná.

Ti Àlfá yìí, Dell Latitude E6410 ni. Bí ẹ bá yí i po, ẹ máa rí ihò kan tó fẹ̀ lápá kan tó sì há díẹ̀ lápá kejì, tí ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò sínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún, tí ojú ìdè kéékèèké méjì sì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ laptop, búlúù ni wọ́n máa ń kùn ún. VGA nìyẹn, ihò tí àwòrán ń gbà jáde lọ sí ojú mìíràn. IBM ló gbé e jáde lọ́dún 1987 pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà PS/2 wọn. HDMI tí wọ́n ń torí rẹ̀ fẹsẹ̀ halẹ̀ yìí, ìparí ọdún 2002 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ṣé ohun tí wọ́n wá ń sọ fún wa ni pé fún gbogbo ọdún tó wà láàárín, kò sẹ́ni tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ojú ńlá rí? Àwọn projector tí wọ́n fi ń kọ́ wa níléèwé nígbà yẹn, kí ni wọ́n ń fi so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, okùn ewúrẹ́ ni?

Ẹ tún wá ihò kejì. Ó rí pẹlẹbẹ, ó sì jọ HDMI débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ki wáyà HDMI mọ́ ọn tipátipá, bí kò bá sì wọlé, wọ́n á ní laptop ti bàjẹ́. Ẹ wo igun rẹ̀ dáadáa. HDMI máa ń dín níhà méjèèjì nísàlẹ̀. Èyí tí mò ń sọ yìí, igun kan ṣoṣo ni wọ́n bù kúrò lára rẹ̀, ìyókù gún régé. DisplayPort ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó ń bí mi nínú jù wà níbí. Àwọn laptop tòkunbọ̀ tó kún ìgboro wa, ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ilé-iṣẹ́ lò wọ́n tán, wọ́n kó wọn dànù, àwa rà wọ́n. Laptop ọ́fíìsì kì í sábà ní HDMI láyé ìgbà yẹn, torí projector àti ojú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Ẹ wo ThinkPad T420. Ẹ wo HP EliteBook 8440p àti 8460p. Ẹ wo EliteBook 840 G1. Kò sí HDMI lára ọ̀kankan nínú wọn. VGA àti DisplayPort ló wà níbẹ̀. Kódà 840 G3, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fi yangàn lónìí, bákan náà ni. Ẹ wá sọ fún mi bí àìní HDMI ṣe di àmì pé laptop ti darúgbó. Bọ̀ọ̀dá tó ń gba Àlfá nímọ̀ràn yẹn fúnra rẹ̀, EliteBook ló gbé dání. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan, mo kàn wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín sínú.

Bí DisplayPort bá sì ti wà, ẹjọ́ ti parí. Èyí tó wà lára irú àwọn laptop wọ̀nyí lè sọ èdè HDMI fúnra rẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo, tí orí kan jẹ́ DisplayPort, tí orí kejì jẹ́ HDMI, ti tó. Ẹ ki ti DisplayPort bọ laptop, ẹ ki ti HDMI bọ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á dé, ohùn náà á sì bá a dé. Òun ni mo fi ń lo kọ̀ǹpútà tèmi nílé láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ wo fídíò wòlímá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ni wọ́n ti wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n ń ka àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ laptop pé ọmọ ọdún mélòó ni.

Bí laptop yín bá jẹ́ ti VGA nìkan ńkọ́, tí tẹlifíṣọ̀n sì jẹ́ ti HDMI nìkan? Ibẹ̀ ni converter ti wọ̀ ọ́. VGA ń fi àwòrán ránṣẹ́ bí iná tó ń lọ sókè tó ń lọ sódò: wáyà kan fún àwọ̀ pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, tí iná inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárín òdo sí 0.7 fóòtì (volt); méjì mìíràn sì ń sọ ìgbà tí ìlà kan parí àti ìgbà tí odindi àwòrán parí. HDMI ní tirẹ̀, òǹkà ló ń gbà, òdo àti ení. Èdè wọn ò bára mu rárá. Converter ni ògbufọ̀ tó dúró láàárín wọn, tó ń gbọ́ ti VGA tó sì ń tú u sí ti HDMI. Ògbufọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun kó tó sọ̀rọ̀: iná 5 fóòtì ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wáyà USB kékeré kan fi máa ń yọ lára èyí tó dára, tí ẹ máa ki bọ ara laptop. VGA kì í gbé ohùn rárá, torí náà wáyà mìíràn tún wà tó rí bí ẹnu earpiece. Ẹ ki ìyẹn bọ ihò earpiece laptop, ògbufọ̀ á sì fi ohùn kún àwòrán, á kó méjèèjì gba inú HDMI lọ.

Ògbufọ̀ yìí kì í tú ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, torí òun ló bí ìdajì irọ́ tó wà nílẹ̀ yìí. Àbúrò mi kan ra converter ní ìgboro, ó ki ẹnu HDMI rẹ̀ bọ tẹlifíṣọ̀n, ó wá wáyà VGA, ó fi so ó mọ́ laptop. Gbogbo rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, kò sí èyí tó fẹ́ já. "No Signal" ni tẹlifíṣọ̀n ń kọ. Ó bá pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ní kò lè ṣeé ṣe yẹn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ o." Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀ fún mi. Ó kà á: "HDMI to VGA." Àwọn tó ní laptop tuntun tí wọ́n fẹ́ so mọ́ projector àtijọ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ti wa ni "VGA to HDMI". Ẹni tó tà á fún un kò bi í ní ohun tó fẹ́ lò ó fún. Ó gba owó, ó jù ú sínú ọ̀rá. Ó pàrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣiṣẹ́.

Ojú lásán lẹ fi lè dá wọn mọ̀. Èyí tó tọ́ fún laptop VGA, eyín ló máa wà lẹ́nu VGA rẹ̀, tí á wọ inú ihò laptop tààrà láìsí wáyà láàárín; ihò HDMI ló sì máa wà ní orí kejì, níbi tí wáyà HDMI tẹlifíṣọ̀n yín máa gbà wọlé. Èyí tí kì í ṣe tiwa, òdìkejì ni: ihò ló wà lẹ́nu VGA rẹ̀. Ẹ tún sá fún wáyà gbọọrọ kan tí wọ́n ń tà, tí VGA wà lórí kan, tí HDMI wà lórí kejì, tí kò ní USB, tí kò sì ní ike kankan láàárín. Fún ohun tí à ń wí yìí, kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀, owó yín lẹ máa dà nù.

Kẹ́ ẹ sì tó ra converter pàápàá, ẹ yí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n sójú ná. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ti pẹ́ díẹ̀ ló ní ihò VGA tiwọn, tí wọ́n kọ "PC IN" tàbí "RGB" sí lára, pẹ̀lú ihò ohùn kékeré kan nítòsí rẹ̀. Wáyà VGA lásán àti wáyà ohùn olórí méjì ló máa parí iṣẹ́. Ẹ tẹ Source lórí rìmóòtù, ẹ mú PC. Irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé fún Àlfá.

Wọ́n á ní àwòrán VGA máa ń ṣú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, 640 ní 480 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987, ṣùgbọ́n ihò yẹn kan náà ń gbé 1920 ní 1080 tí wáyà rẹ̀ bá kúrú tó sì nípọn. Wọ́n á ní ó máa jó tẹlifíṣọ̀n. Iná àwọ̀ tí kò tó fóòtì kan ló fẹ́ jó o? Iná NEPA tó ń lọ tó ń bọ̀ kò jó o, VGA ló wá fẹ́ jó o. Wọ́n á ní technician ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi technician yẹn bóyá ó ní laptop tó fẹ́ tà.

Kí ẹ má baà pè mí lónírọ́, àwọn fíìmù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ni wọ́n ti tì pa, tí wọ́n lè kọ̀ láti gba inú VGA. Laptop tó bá sì ti lọ́ra púpọ̀ á ṣì máa lọ́ra lórí tẹlifíṣọ̀n, wáyà kò lè bá yín wò ó. Tí ẹ bá sì fọwọ́ kan irin ẹnu wáyà tó ń ta yín ṣín-ín-ṣín-ín, ṣájà tí kò ní wáyà ilẹ̀ ló ń fà á. Ẹ so gbogbo ẹnu wáyà pọ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná sí i.

Bí ẹ bá ti so ó tán tí tẹlifíṣọ̀n ṣì dúdú, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Laptop ni kò tíì mọ̀ pé ẹ fẹ́ kó pín àwòrán. Láti Windows 7 ní 2009 wá, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ P, ohun mẹ́rin ló máa jáde tí ẹ lè yàn nínú rẹ̀. Duplicate ló máa fi ohun kan náà hàn lójú méjèèjì. Lórí Windows XP àtijọ́ kò sí ìyẹn, bọ́tìnnì Fn lẹ máa lò: Fn àti F8 lórí Latitude, Fn àti F4 lórí EliteBook, Fn àti F7 lórí ThinkPad T420. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kékeré ni wọ́n máa ń yà sára wọn. Tí ẹ bá lo DisplayPort, tí ohùn ṣì ń ti inú laptop jáde, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ àmì ohùn tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ mú Playback devices (Sound settings ni lórí Windows tuntun), ẹ yan tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀.

Èyí tó kù ni pé tẹlifíṣọ̀n míì máa ń gé etí àwòrán kúrò, tí bọ́tìnnì Start kò ní hàn mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ló ń fẹ àwòrán jù. Nínú ètò Picture rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ "Just Scan" tàbí "Screen Fit", ẹ tẹ̀ ẹ́. Lára ti Àlfá, wọ́n fi í pamọ́ sábẹ́ Aspect Ratio, a sì wá a pẹ́ ju bí a ṣe pẹ́ lórí síso wáyà lọ.