Ta Ni Wọ́n Ṣe Etí Títì Yìí Fún?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń ṣe títì lágbègbè wa, kó bá mi bi wọ́n: nígbà tí ẹ ń da ọ̀dà, ta lẹ rò pé yóò máa gba etí rẹ̀ kọjá? Àbí ẹ rò pé gbogbo ẹni tó ń jáde nílé ló ní mọ́tò?

Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe ti Márúwá. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó fúyẹ́, torí eré ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe é fún. Iléṣà ni mò ń gbé, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé ó ṣòro láti rí ibi tó dùn ún gun kẹ̀kẹ́ tó ibí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. A ò ní òkun. Kí ará Èkó máa bá òkun rẹ̀ ṣeré lọ. Àwa la lókè.

Ẹ jáde ní Iléṣà kí oòrùn tó yọ, kí ẹ kọjú sí Ìwàràjà. Ní oríta yẹn, ọ̀nà pín: ẹ̀ka kan ń lọ sí Àkúrẹ́, èkejì ń gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Adó-Èkìtì. Ti Ẹ̀fọ̀n yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Òkè ni, òkè gidi. Ọ̀nà á lọ́ sí ọ̀tún, á lọ́ sí òsì, kùrukùru á ṣì bo orí igi, ẹ ó ti fi í sí jíà tó rọ̀ jù, itan á máa gbóná, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan ju èémí ara yín lọ. Tí atẹ́gùn òkè bá wá fẹ́ sí yín, ẹ ó gbàgbé gbèsè. Ẹni tí kò bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà Àkúrẹ́, kó yà ní Ẹ̀rìnmọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó fi omi Olúmìrìn bọ́jú. Ìpele méje ni wọ́n ń ka omi yẹn sí; ìpele àkọ́kọ́ tó fún ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ padà sílé. Bó bá sì jẹ́ ibi tó rọ̀ díẹ̀ lẹ ń wá, ẹ gba Òṣú lọ sí Ilé-Ifẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 30 ni.

Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni gbogbo èyí o. Ẹ wá gùn ún wò.

Ẹ bá mi wo etí títì yẹn dáadáa. Wọ́n á da ọ̀dà tuntun lé ọ̀dà àtijọ́, wọn ò ní ha ti tẹ́lẹ̀ kúrò, wọn ò sì ní kó ilẹ̀ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀dà ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni àgbàrá ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lọ. Ní báyìí, láti ojú ọ̀dà sí ilẹ̀, ibòmíràn jìn dé ọrùn ẹsẹ̀, ibòmíràn dé agbede ojúgun. Omi á tún wọ abẹ́ ọ̀dà, á jẹ ẹ́ nínú, òkè á dúró bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é, títí mọ́tò kan á fi tẹ̀ ẹ́ tó máa wó. Etí rẹ̀ wá rí págunpàgun bíi búrẹ́dì tí eku jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ní kí èmi máa gbà.

Torí pé tírélà ló ni àárín. Tírélà sìmẹ́ńtì, táńkà epo, lọ́rì tó kó pákó, àti kòròpé tó rò pé tírélà lòun náà. Wọ́n á ti máa fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má rò pé wọ́n ń kìlọ̀ fún mi o. Wọ́n ń lé mi ni! Tí òmíràn bá tún ń bọ̀ níwájú, kò sí èyí tó máa tẹ bíréèkì nínú àwọn méjèèjì. Èmi ni kí n fò sílẹ̀, kí n bọ́ láti orí ọ̀dà sínú òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú táyà tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Awakọ̀ kan tiẹ̀ yọ orí síta ní apá Òṣú, ó ní, “Bàbá, ṣé ilé ayé ti sú yín ni?” Kò sú mi. Ìwọ ló fẹ́ kó sú mi.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti wáyà. Nígbà tí táyà tírélà bá bẹ́, tàbí tí àwọn kan bá dáná sun táyà lójú títì, wáyà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kì í jóná. Ó máa ń fọ́nká, etí títì náà ló sì ń gbá jọ sí. Mọ́tò á kọjá lórí rẹ̀, kò ní mọ̀. Kẹ̀kẹ́ mi á mọ̀. Kì í bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà o. Díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń jò, títí rímù á fi máa kanlẹ̀. Ẹ ó wá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó máa fi ìka ra inú táyà kiri, ẹ ó máa wá nǹkan tí ojú ò rí. Tí ìka yín ò bá kàn án, tí ẹ sì fi tíúbù tuntun wọlé, ó ń gún ìyẹn náà nìyẹn.

Kí wáá ni kí ẹ ṣe? Ẹ gbé e lọ fún fọ́gánáísà, àbí? Ẹ fara balẹ̀.

Ẹnu tíúbù kẹ̀kẹ́ mi kì í ṣe irú ti mọ́tò àti ti ọ̀kadà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní nọ́ọ̀tì kékeré kan lórí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Presta ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí táyà mi jò báyìí, páǹpù ọwọ́ tí mo gbé dání ti ya, ni mo bá ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ní páǹpù ẹlẹ́ńjìnnì. Bàbá yí táyà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé awò rẹ̀ sójú.

“Ọ̀gá, ẹnu rẹ̀ ló ti já yìí.”

“Kò já, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é.”

“Wọ́n ṣe é báwo? Níbo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà wọlé?”

Mo tú nọ́ọ̀tì náà hàn án. Ó mi orí, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi ẹnu páǹpù lé e. Afẹ́fẹ́ ń fọ́n síta fúú, kò sí èyí tó wọlé. Mo ní, “Bàbá, ẹ rọra o.” Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ tóun ti ń ṣe láti kékeré ni. Ó wá tì í pẹ̀lú agbára, irin tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu tíúbù náà sì kán kọ̀. Bàbá gbé e sókè, ó fi hàn mí, inú rẹ̀ dùn: “Hẹn-ẹ̀n! Mo sọ fún yín pé ó ti já.”

Kí ni kí n sọ? Àgbà ni. Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó sì gba owó afẹ́fẹ́.

Irin bàbà kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ orí Presta, tí á jẹ́ kó gba ẹnu páǹpù mọ́tò. Kò tó ìdajì ìka ọwọ́. Mo wá a láti Ọjà Àtákúnmọ́sà dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà. Wọ́n ní kí n lọ wo Ifẹ̀. Ifẹ̀ ní kí n lọ wo Ìbàdàn. Nígbẹ̀yìn, Èkó ni wọ́n ti fi mọ́tò gbé e wá: owó ọjà lọ́tọ̀, owó wébíìlì lọ́tọ̀, owó “ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú wa” lọ́tọ̀. Nǹkan tó yẹ kó wà nínú àpótí gbogbo fọ́gánáísà!

Àti bọ́ǹpù. Ẹ̀yin ará abúlé, mi ò ní kí ẹ má ṣe bọ́ǹpù. Àwọn ọmọ yín ń sọdá lọ sílé ẹ̀kọ́, awakọ̀ ò sì lójú àánú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ kùn ún! Ọ̀dà funfun díẹ̀ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má fi ọ̀dà dúdú mọ ọ́n sórí títì dúdú, lábẹ́ òjìji igi, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa ṣe “ẹ pẹ̀lẹ́ o” nígbà tí ènìyàn bá ti wà nínú gọ́tà.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń gùn ún láìbẹ̀rù ni inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Láti géètì lórí Road 1, igi ní ọ̀tún, igi ní òsì, mọ́tò ń rọra lọ. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èmi tí mo sùn láàárín òkè, kí n wá gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò lọ sí Ifẹ̀ láti lọ gùn ún yípo nínú ọgbà ẹlòmíràn?

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ẹ̀sín. “Ṣé wọ́n ti ta mọ́tò ni?” “Òyìnbó dúdú!” Ìyàwó mi gan-an ń sọ fún àwọn ará ilé pé dókítà ló ní kí Bàbá Tọ̀lání máa gùn ún, kí ojú má baà tì í. Háà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló ń fi kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀sín? Bàbá tó bí bàbá mi, òṣómàáàló ni. Raleigh ló fi ń gbé aṣọ láti abúlé dé abúlé nílẹ̀ Oǹdó, òun náà ló fi ń lọ sin gbèsè. Ẹnikẹ́ni ò pè é ní òtòṣì. Àwọn ajẹgbèsè ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé sá tí wọ́n bá gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo Rwanda. Òkè ni gbogbo ilẹ̀ wọn, àwọn náà ò ní òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti gbogbo àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sí Áfíríkà. Kìlómítà 267.5 ni wọ́n là sílẹ̀ fáwọn ọkùnrin, òkè lórí òkè, Tadej Pogačar ará Slovenia ló sì gbà á. Tàbí kí ẹ wo Eritrea: Asmara wà lókè tó ga ju mítà 2,000 lọ, ọ̀nà á ti ibẹ̀ máa dagẹ̀rẹ̀ títí dé Massawa létí Òkun Pupa. Ọmọ Asmara ni Biniam Girmay tó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2024. Ṣé òkè tiwọn ga ni, tàbí títì tiwọn ló létí?

Mi ò ní kí ẹ ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fún mi bíi ti ìlú òyìnbó. Mítà kan péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ dáadáa tó dọ́gba pẹ̀lú títì. Ọmọ tó ń rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ á gbà á, ìyá tó ru kòkó bọ̀ láti oko á gbà á, ọlọ́kadà tí táyà rẹ̀ jò á ríbi dúró sí.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà ńkọ́? Tí ẹ bá bá mi lórí òkè Ìwàràjà láàárọ̀ Sátidé, ẹ sinmi fèrè. Mo ti gbọ́ yín bọ̀ láti ìsàlẹ̀, mi ò sì níbi tí mo máa yà sí.